Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ ti ọ̀la: ohun tó ya omen, divination, prophecy àti forecast sọ́tọ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí a dé òde ìnáwó kí ẹni tó di gbohùngbohùn mú má sọ pé "on this auspicious occasion." Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún tí ìjọba tuntun bá ń wọlé, "inauguration" ni rédíò máa ń pè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ajé bá sì ń yí síbi tó dáa, oníwèé ìròyìn á kọ ọ́ pé "it augurs well." Ọ̀dọ̀ ẹyẹ ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, ẹyẹ gidi tó ń fò lójú ọ̀run, tí àwọn àgbààgbà Róòmù máa ń gbójú sókè wò kí wọ́n tó dáwọ́ lé ohunkóhun.

Mo fẹ́ tú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ palẹ̀ nítorí pé, nínú ìròyìn wa, a ti sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Ohun tí wòlíì sọ lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun, àsọtẹ́lẹ̀ ni. Ohun tí NiMet sọ nípa òjò, àsọtẹ́lẹ̀ ni. Ohun tí àjọ IMF sọ nípa ọrọ̀ ajé, àsọtẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹni tó ti mọ ìyàtọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ kò ní ṣìnà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ bákan náà, tàbí kó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkejì ò sì sàn ju ìkíní lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: báwo lẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe mọ̀? Ṣé ó rí àmì ni? Ṣé ó lọ bèèrè ni? Ṣé wọ́n rán an ni? Ṣé ó ṣírò ni? Àbí ara rẹ̀ ló kàn fu ú? Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Àmì tó yọ fúnra rẹ̀ ni omen. Bíbèèrè ni divination. Iṣẹ́ tí a rán èèyàn ni prophecy. Ìṣirò ni forecast. Ara tó fu ni láìnídìí ni premonition. Tí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyókù wà nínú ìtàn wọn, ìtàn náà sì dùn.

Àwọn tó ń wo ẹyẹ

Ní Róòmù àtijọ́, ẹgbẹ́ àlùfáà kan wà tí wọ́n ń pè ní augur. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ̀ bóyá àwọn òrìṣà fọwọ́ sí ohun tí ìlú fẹ́ ṣe. Augur á mú ọ̀pá kan tí orí rẹ̀ ká, á fi ya apá kan ojú ọ̀run sọ́tọ̀, á wá jókòó máa ṣọ́ ẹyẹ tó máa gba ibẹ̀ kọjá. Templum ni wọ́n ń pe ibi tó yà sọ́tọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni temple tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ilé ìjọsìn ti wá. Ẹyẹ ò jọra lójú wọn. Igún àti idì, bí wọ́n ṣe fò ni wọ́n ń wò. Kannakánná àti òwìwí, igbe wọn ni wọ́n ń tẹ́tí sí.

Ìtàn tí àwọn ará Róòmù ń sọ nípa bí wọ́n ṣe tẹ ìlú wọn dó pàápàá, ẹyẹ ló dá ẹjọ́ ibẹ̀. Ìbejì ni Romulus àti Remus. Wọn ò fẹnu kò lórí ẹni tó máa jẹ olórí, wọ́n bá ní kí ẹyẹ dá a. Remus rí igún mẹ́fà, Romulus rí méjìlá. Ọ̀rọ̀ náà dìjà, Remus kú sí i, orúkọ Romulus ló sì mọ́ ìlú náà lórí títí dòní.

Ọ̀rọ̀ Látìn méjì ló para pọ̀ di auspice: ẹyẹ, àti wíwò. Inauguration náà túmọ̀ sí pé augur ti bá a wò ó, ó sì ti rí i pé ó dáa, kí wọ́n tó fi èèyàn jẹ oyè. Àwọn pátákó ìpàdé tó máa ń gbé "under the auspices of" ẹgbẹ́ báyìí báyìí, ojú ogun ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ọ̀gágun ló láṣẹ àtiwo ẹyẹ. Àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀, abẹ́ ẹyẹ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jà. Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lórí pátákó ló ni àṣẹ, òun náà ló máa jẹ́jọ́ rẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ẹyẹ ojú ọ̀run kì í sì í wá lásìkò tí a fẹ́ ẹ, ogun kì í dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Róòmù fi ń gbé adìẹ nínú àgò lọ sójú ogun. Ẹni tó ń tọ́jú wọn á ṣí àgò, á da oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá fi ìwọra jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ ń jábọ́ lẹ́nu wọn, ire ni. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kí ogun dúró. Ní ọdún 249 ṣáájú ìbí Krístì, Publius Claudius Pulcher kó ọkọ̀ ogun lọ bá àwọn ará Carthage ní Drepana, ní erékùṣù Sicily. Adìẹ kọ oúnjẹ. Inú bí ọ̀gágun. Ó ní bí wọn ò bá fẹ́ jẹ, kí wọ́n lọ mu, ó sì ní kí wọ́n kó wọn dà sínú òkun. Róòmù pàdánù ọkọ̀ 93 nínú ìjà náà. Nígbà tí Pulcher padà délé, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ nìyí. Àwọn adìẹ yẹn ò sọ pé Pulcher máa pàdánù. Ohun tí wọ́n ń fi ẹyẹ bèèrè ni pé ṣé kí a ṣe é lónìí àbí kí a má ṣe é. Ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń wá. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá lónìí, wọ́n lè tún bèèrè lọ́la. Nítorí náà, auspicious kò sọ pé ohun tí a ń ṣe máa yọrí sí rere, ó ń sọ pé àkókò rẹ̀ bá a mu. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ tó yẹ gan-an ni.

Omen ní tirẹ̀ kì í dúró de ìbéèrè. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tó bọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí ẹni tó gbọ́ ọ wá gbé lé ọ̀ràn ara rẹ̀. Cicero, tí òun náà jẹ́ augur, ló sọ ti ọ̀gágun Crassus tó ń kó àwọn ọmọ ogun wọkọ̀ ní èbúté Brundisium. Ọkùnrin kan ń kiri èso ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n kó wá láti ìlú Caunus, ó ń polówó pé "Cauneas! Cauneas!" Létí ẹni tó gbọ́ Látìn, ó dún bí ẹni tó ń sọ pé "Cave ne eas": ṣọ́ra, má lọ. Crassus lọ. Àwọn ará Parthia pa á ní Carrhae ní ọdún 53 ṣáájú ìbí Krístì, òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun rẹ̀.

Ẹni tó ti fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà rí tó sì padà sínú ilé lọ mu omi tútù mọ bí omen ṣe ń ṣe ni. Ṣùgbọ́n kí a wò ó dáadáa. Ká ní Crassus ṣẹ́gun ni, ta ni ì bá rántí ọlọ́pọ̀tọ́? Ó ti polówó ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà létí ọ̀pọ̀ èèyàn tó lọ tó sì bọ̀ láyọ̀. Àwọn àgbà wa ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ló máa ń padà lọ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ní ìtumọ̀, àìka àjẹ́ tó ké tí ọmọ ò kú.

Omen fúnra rẹ̀ lè jẹ́ rere tàbí búburú, ìyẹn ló fi nílò ọ̀rọ̀ mìíràn ṣáájú rẹ̀: good omen, bad omen. Ominous tí a fà yọ lára rẹ̀ kò ní ire kankan nínú mọ́, ibi nìkan ló ń tọ́ka sí. Ẹ má sọ pé ìkómọ ẹnì kan jẹ́ "an ominous day" o, ìjà ló máa dá sílẹ̀. Bode rọrùn jù wọ́n lọ: a lè ní it bodes well, a lè ní it bodes ill. Portent ló tóbi jù nínú wọn. Ẹni tó ń kiri ọ̀pọ̀tọ́ kò lè jẹ́ portent. Ìràwọ̀ onírù tó yọ lójú ọ̀run tí gbogbo ìlú rí, òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan yọ ní ọdún 1066, ọdún yẹn náà ni William ti Normandy gba ilẹ̀ England. Àwọn tó fi abẹ́rẹ́ àti òwú sọ ìtàn ogun náà sára aṣọ gígùn tó wà ní Bayeux, ní ilẹ̀ Faransé, ya ìràwọ̀ náà sókè pẹ̀lú àwọn èèyàn tó ń nàka sí i. Ẹ fi ìràwọ̀ yẹn sọ́kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Sinister náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn awòyẹ. Òsì lásán ló túmọ̀ sí ní Látìn. Augur tó bá kọjú sí gúúsù, ìlà-oòrùn ló bọ́ sí òsì rẹ̀, nítorí náà àmì tó bá ti òsì yọ, ire ni lójú wọn. Àríwá ni àwọn Gíríìkì ń kọjú sí ní tiwọn, ọ̀tún ni ire tiwọn wà. Ti Gíríìkì ló borí nígbẹ̀yìn, bí òsì ṣe di ohun tó mú ibi lọ́wọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Kò lè ya àwa tí a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá wa lẹ́nu.

Ìràwọ̀ àti wákàtí ìbí

Disaster tí gbogbo èèyàn ń pe àjálù, ìràwọ̀ burúkú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Influenza, tí a gé kúrú sí flu, wá láti èdè Ítálì, láyé tí wọ́n gbà pé agbára ìràwọ̀ lórí ayé ló ń fa àjàkálẹ̀ àìsàn. Àwọn dókítà ti fi èrò yẹn sílẹ̀ tipẹ́, orúkọ náà ló kù.

Horoscope ni kí n dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ohun tí ìwé ìròyìn ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun. Wákàtí wà nínú ọ̀rọ̀ náà: láti inú Gíríìkì, ó jẹ́ wíwo wákàtí. Àwòrán ojú ọ̀run ni, bó ṣe rí gan-an ní wákàtí tí wọ́n bí ọmọ, níbi tí wọ́n bí i sí. Ìbejì pàápàá lè ní ìyàtọ̀ díẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1930, ìwé ìròyìn Sunday Express ní London ní kí awòràwọ̀ kan, R. H. Naylor, wo ti ọmọ-ọba Margaret tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní kó máa bá a lọ. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pé ewu ń bọ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Bírítéènì, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá sì ni ọkọ̀ R101 já lulẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, èèyàn 48 kú. Orúkọ Naylor gba ìgboro. Ṣùgbọ́n kò sí bí ìwé ìròyìn ṣe lè wo wákàtí ìbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹkàwé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pín gbogbo ayé sí méjìlá nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí oṣù ìbí. Aríes, Leo, Scorpio tí ẹ ń kà lórí fóònù, wákàtí tó sọ ọ́ di horoscope ti bọ́ sọnù níbẹ̀.

Ẹni tó gbé ìbéèrè lọ

Divination yàtọ̀ sí omen nítorí pé èèyàn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nínú ìwé Ìsíkíẹ́lì orí 21, ọba Bábílónì dé oríta, kò mọ ọ̀nà tí kó tọ̀. Ó mi ọfà, ó bèèrè lọ́wọ́ ère, ó wo ẹ̀dọ̀ ẹran. Ọ̀nà mẹ́ta nínú ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo. Àwọn tó ń wo ẹ̀dọ̀ ẹran yìí wà ní Róòmù náà, haruspex ni wọ́n ń pè wọ́n, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ sí ti augur. Spurinna tó kìlọ̀ fún Julius Caesar ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n pa á ní oṣù Kẹta ọdún 44 ṣáájú ìbí Krístì, haruspex ni.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá parí sí "mancy", ọ̀nà ìbéèrè kan ni. Pyromancy, iná ni wọ́n ń wò. Hydromancy, omi ni. Chiromancy, àtẹ́lẹwọ́ ni. Necromancy, òkú ni wọ́n ń bi léèrè. Fíìmù àti géèmù ti sọ necromancer di ẹni tó ń jí òkú dìde kó lè fi jagun, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè lásán ni iṣẹ́ rẹ̀ látilẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá àtijọ́ mọ̀ ọ́n ju àwọn onífíìmù lọ. Ẹ wo Deutarónómì orí 18, ẹsẹ 10 sí 11: "afọ̀ṣẹ" ni wọ́n pe ẹni tó ń ṣe divination, "alákìyèsí ìgbà" ni wọ́n pe ẹni tó ń wo ọjọ́ tó dáa àti èyí tí kò dáa, "abókùúlò" ni wọ́n pe necromancer. Abókùúlò ni obìnrin Ẹ́ńdórì tí Sọ́ọ̀lù lọ bá lóru kó lè bá a pe Sámúẹ́lì.

Geomancy ni èyí tó kàn wá jù. Ilẹ̀ ni ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Àwọn Lárúbáwá ń pe tiwọn ní ìmọ̀ yanrìn, òun sì ni àwọn alfa wa ń ṣe tí a ń pè ní yanrìn títẹ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́rin, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ẹni tó bá mọ ojú odù Ifá á ti rí ìjọra wọn kí n tó sọ ọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì tún ń pe feng shui ti àwọn ará Ṣáínà ní geomancy, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ bí ilé àti ibojì ṣe yẹ kó kọjú, kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú yanrìn. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ni kí a wá pe Ifá ní Gẹ̀ẹ́sì? Mo ti rí fortune-telling, mo ti rí oracle, mo ti rí divination. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú babaláwo kí a tó yàn. Ẹni tó wá bèèrè á mú owó, á fi kan ẹnu, á sọ ohun tó ń dà á láàmú sí i ní wúyẹ́wúyẹ́. Kò pọn dandan kí babaláwo gbọ́ ọ. Babaláwo á ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Èso kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Méjì ní ọ̀nà mẹ́jọ, ibẹ̀ ni 256 odù ti wá. Bí ó bá jẹ́ ikin ló ń lò, 16 ni, á gbá wọn mú lọ́wọ́ kan: bí méjì bá ṣẹ́ kù, á tẹ ìlà kan sínú ìyẹ̀ròsùn lórí ọpọ́n, bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, á tẹ méjì. Lẹ́yìn náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í kì ẹsẹ odù tó jáde, títí ẹni tó wá bèèrè á fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Wọ́n á fi ìbò wádìí sí i, bóyá ire ni tàbí ibi, wọ́n á sì ka ẹbọ.

Fortune-telling kò gba èyí. Ẹni tó ń sọ fortune á wò yín lójú, á sọ ohun tó ń bọ̀, ó parí. Ifá ń wádìí ohun tó fa ọ̀ràn, ó sì ń sọ ohun tí a máa ṣe kó lè yí padà. Ìdáhùn rẹ̀ pàápàá kì í ṣe títí ayé, bí òní ṣe rí ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀ ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọ̀rún. Divination ló bá a mu, òun náà ni UNESCO lò nígbà tí wọ́n kéde Ifá ní ọdún 2005 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ó máa ń dùn mí nígbà tí ọmọ Yorùbá tó kàwé bá kọ fortune-teller sí ipò babaláwo. Àwọn akọ̀ròyìn Òyìnbó ń ṣe irú àṣìṣe kan náà lọ́dọọdún sí Cuba. Ní oṣù Kíní ọdún, àwọn babaláwo ibẹ̀ máa ń gbé odù ọdún jáde, Letra del Año ni wọ́n ń pè é. Àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn á gbé e pé wọ́n ti ṣe prediction, ìyẹn ni pé wọ́n ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí a bá ka ìwé náà fúnra rẹ̀, odù, òrìṣà tó ni ọdún, ẹbọ àti ìmọ̀ràn ló pọ̀ nínú rẹ̀, títí kan ìmọ̀ràn lórí ìlera àti ìmọ́tótó.

Oracle wá ńkọ́? Ẹni tàbí ibi tó ń fọ ìdáhùn ni oracle. A lè pe Ọ̀rúnmìlà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí babaláwo ń ṣe. Èyí tó lókìkí jù ní Gíríìsì wà ní Delphi. Croesus, ọba Lydia, ránṣẹ́ lọ bèèrè níbẹ̀ bóyá kí òun gbógun ti Páṣíà. Wọ́n ní bí ó bá lọ, ó máa pa ìjọba ńlá kan run. Inú rẹ̀ dùn, ó lọ, ìjọba tó parun sì ni tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi oracular pe ọ̀rọ̀ tó lójú méjì, tó jẹ́ pé bó bá ṣe wù kó já sí, ẹni tó sọ ọ́ kò ní jẹ̀bi.

Ẹni tí wọ́n rán

Prophet kì í bèèrè, wọ́n ń rán an ni. Ẹni tó ń gbẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ń pè é, kò sì pọn dandan kí ọ̀rọ̀ ọ̀la wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Nígbà tí Nátánì wọlé tọ Dáfídì lọ tó sọ fún un pé ìwọ ni ọkùnrin náà, ohun tí Dáfídì ti ṣe sẹ́yìn, ìyàwó Ùráyà tó gbà àti Ùráyà tó ní kí wọ́n pa, ló wá bá a wí lé lórí. Prophecy ni.

Jónà ló jẹ́ kó yé mi jù. Ó wọ Nínéfè, ó kéde pé ó ku ogójì ọjọ́ kí ìlú náà bì ṣubú. Ogójì ọjọ́ pé, ìlú kò ṣubú. Bí a bá fi òṣùwọ̀n prediction wọ̀n ọ́n, Jónà kùnà pátápátá. Ṣùgbọ́n ìlú ti ronú pìwà dà, ohun tí iṣẹ́ náà wá ṣe gan-an nìyẹn. Prophecy máa ń ní "bí ẹ kò bá" nínú, yálà ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà sọ ọ́ síta tàbí kò sọ ọ́. Ní àìsùn ọdún tuntun, tí wọ́n bá to orúkọ àwọn gbajúmọ̀ tó máa kú àti bọ́ọ̀lù tó máa wọlé, tí kò sí ẹni tí wọ́n pè sí ìrònúpìwàdà, prediction ni ìyẹn nínú ẹ̀wù prophecy, mo sì rò pé ó tọ́ kí a bi ẹni tó sọ ọ́ léèrè bó ṣe mọ̀. Ní ìparí ọdún 2021, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Ghana kìlọ̀ fún àwọn adarí ẹ̀sìn pé irú ìkéde ikú àti jàǹbá tó ń dá ìpáyà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò ní ẹ̀rí, lè di ọ̀ràn lábẹ́ òfin.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kún un: prophecy tó ní "c" ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, prophesy tó ní "s" ni sísọ ọ́, ìparí rẹ̀ sì ń dún bí "sáì." Ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó ìsọjí ló ń gbé ọ̀kan sí ipò ìkejì.

Premonition kò níṣẹ́, kò nírànṣẹ́. Ara ló fu ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1966, òkìtì ìdọ̀tí tí wọ́n wà jáde nínú kòtò èédú ya bo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Aberfan, ní ilẹ̀ Wales. Èèyàn 144 kú, ọmọdé ni 116 nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn kan ń sọ pé àwọn ti lálàá rẹ̀, ara àwọn ti fu àwọn. Dókítà John Barker, oníṣègùn ọpọlọ, kò kàn gbọ́ kó kọjá lọ. Ní ọdún 1967, òun àti ìwé ìròyìn Evening Standard ṣí ibi kan tí ẹni tí ara bá fu lè kọ̀wé sí, kí déètì lè wà lórí rẹ̀ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Díẹ̀ ló ṣẹ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn níyì lójú mi síbẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí a kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ló lè ya ara tó fu ni sọ́tọ̀ kúrò lára ìrántí tí ọ̀fọ̀ dá sílẹ̀.

Ẹni tó ṣírò

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìràwọ̀ onírù 1066. Ní ọdún 1705, Edmond Halley gbé àkọsílẹ̀ àwọn ìràwọ̀ onírù tó yọ ní 1531, 1607 àti 1682 kalẹ̀, ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ni, pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ni, ó sì máa padà wá ní nǹkan bí ọdún 1758. Halley kú ní 1742. Ní alẹ́ Kérésìmesì 1758, wọ́n rí i. Òun náà ni ìràwọ̀ ti William. Ohun tó jẹ́ portent lójú ẹni tó rán aṣọ Bayeux ti di prediction lọ́wọ́ Halley: ó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ó sọ ìgbà rẹ̀, ó sì sọ bó ṣe mọ̀, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ojú ọjọ́ kò ṣe é ṣírò tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un. Robert FitzRoy, ọ̀gá ọkọ̀ Beagle tí Charles Darwin bá rìn yí ayé ká, ni wọ́n fi ṣe olórí ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ilẹ̀ Bírítéènì ní 1854. Ní oṣù Kẹwàá 1859, ìjì fọ́ ọkọ̀ Royal Charter ní etíkun Wales, èèyàn tó lé ní 400 kú. Tẹlifóònù ò tíì sí nígbà náà, ṣùgbọ́n wáyà tẹligíráàfù wà. FitzRoy ní bí àwọn tó wà ní etíkun bá ń fi ìròyìn afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ lójoojúmọ́, a lè kìlọ̀ fún èbúté kí ìjì tó dé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1861, ìwé ìròyìn The Times bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Forecast ló pè é, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe prophecy, kì í ṣe prediction, èrò tó ti inú ìṣirò wá ni. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé òun máa ṣì í sọ nígbà mìíràn, ó sì yan ọ̀rọ̀ tó fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ìwé tí NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún nípa òjò, "Seasonal Climate Prediction" ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ forecast ni ohun tó wà nínú rẹ̀, bí a bá tẹ̀ lé FitzRoy. Projection tún yàtọ̀ díẹ̀: "bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ yìí" ló wà nídìí rẹ̀, bí àjọ tó ń ka èèyàn ṣe ń sọ iye tí a máa jẹ́ ní ogún ọdún sí i. Prognosis ti ilé ìwòsàn ni, ibi tí dókítà rò pé àìsàn náà ń lọ.

Bí fóònù yín bá ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni òjò máa rọ̀ ní Ìbàdàn lónìí, tí ilẹ̀ sì gbẹ títí di alẹ́, kò tíì parọ́. Ó ti sọ ìdá 30 tó kù fún yín. Ọjọ́ kan kò tó láti fi dá a lẹ́jọ́. Ẹ kó gbogbo ọjọ́ tó sọ ìdá 70 jọ, ẹ ka iye tí òjò rọ̀ nínú wọn. Bí ó bá súnmọ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́, iṣẹ́ rẹ̀ péye. Bí ó bá jẹ́ 100 nínú ọgọ́rùn-ún pàápàá, ìṣirò rẹ̀ nílò àtúnṣe.